Oògùn Oorun Tí Ìyá Mi Fi Ránṣẹ́

Ọjọ́ kẹfà, oṣù kejì

Ìyá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín látibí. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àjò, ẹ kú ojú lọ́nà. Ọmọ ọmọ yín náà ní kí n kí yín. Ẹkún ló fi ń kí yín o, torí kò mọ nǹkan míì tó ń ṣe. Bàbá rẹ̀ ti sọ ọ́ ní Ọ̀gá Kékeré, nítorí òun ló ń pàṣẹ ìgbà tí gbogbo ilé máa jí. Ó ti pé oṣù mẹ́jọ. Eyín méjì ti yọ nísàlẹ̀.

Mi ò sùn mọ́, ìyá mi. Bí ọmọ bá tiẹ̀ sùn, èmi á lajú sílẹ̀, màá máa wo àyà rẹ̀ bóyá ó ń lọ sókè, bóyá ó ń wá sílẹ̀. Bàbá rẹ̀ ti bá àwọn tó ń kọ́lé lọ síbi iṣẹ́ káfíńtà kan tó jìnnà, ìgbà kọ̀ọ̀kan ló ń wálé, òun ló sì mú fóònù dání. Ìyá ọkọ mi ló wà pẹ̀lú wa. Wọn ò hùwà ìkà sí mi, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, wọ́n á kàn máa wò mí. Wọ́n ní, "Ìyàwó, ojú ẹ ti wọnú." Mo ní, "Ẹ ṣé, Mà." Kí lẹ fẹ́ kí n sọ?

Ohun tó wà lọ́kàn mi gan-an nìyí. Lẹ́tà tẹ́ ẹ kọ kẹ́yìn, mo kà á bí ẹni pé ẹlòmíì ló kọ ọ́. Mo kàn béèrè pé ìgbà wo lẹ ń ti òkè òkun bọ̀ wá wo ọmọ. Ẹ dá mi lóhùn pé kí n má fi ọmọ dá yín láàmú, pé gbogbo wa la fẹ́ fà yín ya, pé ẹ ò bí mi kí n lè máa jẹ yín lẹ́ran ara. Ìyá mi, kí ni mo jẹ? Mo fi lẹ́tà yẹn sábẹ́ ìrọ̀rí. Mo máa ń fà á yọ bóyá màá rí i pé mo ṣì í kà ni. Bẹ́ẹ̀ lẹ́tà tó ṣáájú rẹ̀, ẹ̀rín lẹ fi kọ ọ́ láti òkè délẹ̀. Kí ni mo ṣe láàárín méjèèjì?

Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá ń bínú, ẹ sọ ohun tó fà á. Tẹ́ ẹ bá sì mọ nǹkan tí èèyàn ń lò kó lè rí oorun sùn, ẹ sọ fún mi.

Ọmọ yín,
ìyá Ọ̀gá Kékeré.


Ọjọ́ kejì, oṣù kẹta

Ọmọ mi, ìyá Ọ̀gá Kékeré,

Mo ti gba ìkúnlẹ̀ rẹ. Dìde, ilẹ̀ tutù.

Bá mi ya lẹ́tà burúkú yẹn. Mi ò mọ ẹni tó gba bírò lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà. Látọjọ́ tí mo ti bí ẹ, ọjọ́ tó o da omi sínú rédíò mi nìkan ni mo bínú sí ẹ, mo sì ti gbàgbé ìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí ẹ̀ báyìí.

Ara ló ń ṣe mí. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, nǹkan oṣù mi ń ṣe ségesège, ó wá, kò wá, lẹ́yìn náà ó dáwọ́ dúró. Ṣé o mọ̀ pé aṣọ ibùsùn ni mò ń lọ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ ìlọṣọ náà tóbi tó ilẹ̀kùn méjì, gbígbóná rẹ̀ kò kéré. Nígbà tí ooru wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbà mí láti àyà dé àtàrí, tí òógùn ń bò mí, mo ní ẹ̀rọ ni. Àfi lọ́jọ́ kan tí mo wà nínú bọ́ọ̀sì, nínú òtútù tó ń gé èèyàn létí, tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ kóòtù, mo bọ́ súwẹ́tà, mo tún fọwọ́ kan bọ́tìnì bùláòsì. Ọkùnrin tó jókòó tì mí dìde, ó lọ dúró lọ́dọ̀ dẹ́rẹ́bà.

Obìnrin tá a jọ ń ti aṣọ sẹ́nu ẹ̀rọ, Elégíláàsì ni mo ń pè é torí awò ojú rẹ̀, òun ló fà mí lọ sí kíníìkì. Wọ́n ní nǹkan kan ló ń dín kù lára mi, pé àwọn á bá mi fi kún un. Nǹkan méjì ni wọ́n fún mi: pílásítà kékeré kan tí mò ń lẹ̀ mọ́ itan, àti kóró oògùn funfun róbótó kan tó rí bí ẹyin aláǹgbá, tí màá máa gbé mì tí mo bá fẹ́ sùn. Pílásítà, ìgbà gbogbo. Kóró, ìdajì oṣù, màá sì sinmi rẹ̀ ní ìdajì yòókù.

Pílásítà yẹn, kí Ọlọ́run bá mi bù kún ẹni tó ṣe é. Ooru ti lọ. Ṣùgbọ́n oorun inú kóró yẹn pọ̀ jù fún ẹni tó gbọ́dọ̀ wà nídìí ẹ̀rọ kí ilẹ̀ tó mọ́. Mo pẹ́ dé iṣẹ́, mo tún pẹ́. Ọ̀gá wa ní tí mo bá pẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí n kúkú máa sùn lọ nílé. Mo bá fi kóró sílẹ̀, mo gbá pílásítà mú.

Mi ò sì lè da oògùn gidi nù. Ó wà nínú ẹrù tí obìnrin tó ń bọ̀ wálé yìí gbé wá fún ẹ, nínú agolo páúdà, lábẹ́ aṣọ ọmọ. Mo ti yọ páálí rẹ̀ kúrò kí ẹrù lè fúyẹ́. Gbé ẹyọ kan mì tó o bá fẹ́ sùn. Mi ò lè wá bá ẹ gbé ọmọ. Jẹ́ kí n kúkú fi oorun ránṣẹ́ sí ẹ.

Kí ìyá ọkọ rẹ fún mi dáadáa.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, oṣù kẹta

Ìyá mi,

Ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ìrántí ọmọ. Aṣọ rẹ̀ gún régé, àfi èyí tó ní etí bí ehoro tó ń fà bọ ẹnu.

Mo sùn, ìyá mi. Mo gbé ẹyọ kan mì bẹ́ ẹ ṣe ní, mo sì lọ pátápátá. Ìyá ọkọ mi ní ọmọ ké títí ohùn rẹ̀ fi há, àwọn kan ilẹ̀kùn títí kí n tó dáhùn. Ìyẹn já mi láyà díẹ̀. A ti wá fi ibùsùn ọmọ sí yàrá wọn.

Orí mi máa ń yí tí mo bá dìde láàárọ̀, á sì lọ. Ọmú mi wúwo, ó ń dùn mí tí ọmọ bá gbá a mú. Ikùn mi wú. Ìyá ọkọ mi wò mí láti ẹ̀gbẹ́, wọ́n ní, "Ìyàwó, ṣé òmíràn ti dé ni?" Mo ní, "Ọmọ yín ò tíì wálé, Mà." Wọ́n ní, "Mo kàn béèrè ni."

Mo jágbe mọ́ Ọ̀gá Kékeré lánàá. Ó kàn ta síbí nù ni. Ẹnu yà mí sí ohùn tó jáde lẹ́nu mi. Ó lè jẹ́ pé gbogbo oorun tó ti ṣẹ́kù sí mi lára látọjọ́ yìí ló ń jáde. Ṣé kí n máa lò ó lọ?

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹrin

Ọmọ mi,

Inú mi dùn sí oorun rẹ bí ẹni pé èmi ni mo sùn ún. Má dá a dúró. Wọ́n tún kó òmíràn fún mi ní kíníìkì, mo gbà á, mo dákẹ́, mo ti kó gbogbo rẹ̀ sínú báàgì tí ọ̀rẹ́ Elégíláàsì ń gbé bọ̀.

Èmi náà ti yàtọ̀. Gbogbo nǹkan fúyẹ́. Mo ń kọrin nídìí ẹ̀rọ débi pé ọ̀gá wa ní àlejò òtẹ́ẹ̀lì ò sanwó orin. Àdúrà mi ló gbà, mi ò mọ nǹkan míì tí mo lè pè é. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tún ń kán sí mi láṣọ, èmi tí mo ti rò pé mo ti bá ìyẹn parí. Mo sọ fún Elégíláàsì pé ìgbà èwe mi ló ń padà bọ̀. Ó ní kí n lọ sọ ọ́ ní kíníìkì. Mo ní tí mo bá lọ, wọ́n á béèrè kóró lọ́wọ́ mi.

Ọmọ tó bá ta síbí nù, gbá a ní ìdí díẹ̀. Ìwọ náà ta á nù rí.

Ìyá rẹ.


Ọgbọ̀njọ́, oṣù kẹrin

Ìyá mi,

Ẹ jókòó kẹ́ ẹ tó ka èyí. Mi ò kí yín bó ṣe yẹ, ẹ foríjì mí.

Nǹkan kan ti wọ inú mi. Mi ò mọ ohun tí màá pè é. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn dúró sẹ́yìn gíláàsì. Mò ń rí gbogbo wọn, mò ń rí ọmọ mi, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ò kàn wọ́n. Ó rẹ́rìn-ín sí mi, mo wò ó, mo ní nínú ọkàn mi pé, ọmọ ta nìyí? Lẹ́yìn náà inú á bí mi. Lẹ́yìn náà ẹkún. Mi ò mọ ohun tí mò ń torí ẹ̀ sunkún.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mò ń wẹ̀ ẹ́ nínú bàsíà. Mo di orí rẹ̀ mú bí mo ṣe máa ń dì í mú. Ó kàn sọ sí mi lọ́kàn pé, tó o bá yọwọ́ ńkọ́? Kì í ṣe ohùn ẹlòmíì, ìyá mi. Ohùn tèmi ni. Mo gbé e jáde pẹ̀lú ọṣẹ lára, mo gbé e lé ìyá ọkọ mi lẹ́sẹ̀, mo jáde láìwọ bàtà. Mo rìn débi tí àdúgbò wa ti pàdé títì ńlá. Mo dúró létí rẹ̀ gan-an. Àwọn ọkọ̀ ń kọjá, atẹ́gùn wọn ń fẹ́ mi láṣọ. Mo wá rí i pé mi ò bẹ̀rù wọn. Ìyẹn gan-an ló lé mi padà wálé, pé mi ò bẹ̀rù.

Ìyá ọkọ mi ti wọ ọmọ láṣọ kí n tó dé. Wọ́n ní, "Ìyàwó, kí lo rí nínú omi?"

Mo ní, "Kò sí nǹkan kan, Mà."

"Ó wà. Ọmọ ń yọ̀ lọ́wọ́ mi pẹ̀lú ọṣẹ, ìwọ ń sá. Ó wà."

Látìgbà náà, àwọn ló ń wẹ̀ ẹ́. Ọmú nìkan ni wọ́n ń gbé e wá mu lọ́dọ̀ mi, wọ́n á jókòó tì mí títí á fi mu tán. Wọ́n ní tí ọmọ àwọn bá ti wálé, àwọn máa gbé Ọ̀gá Kékeré lọ sọ́dọ̀ àbúrò àwọn, kí n lè sinmi. Wọn ò pariwo. Ó sàn kí wọ́n pariwo. Tí wọ́n bá gbé e lọ, kì í ṣe pé mo máa sinmi, ìyá mi. Mi ò ní jẹ́ ìyá ẹnikẹ́ni mọ́ nìyẹn.

Ẹ ní kí n má dá oògùn dúró. Mi ò dá a dúró. Ẹyọ méjì ni mò ń gbé mì báyìí, torí tí mo bá ti sùn mi ò ní ronú kan nǹkan kan. Ẹ bá mi fi òmíràn ránṣẹ́. Ẹ má sọ fún ọkọ mi. Mo mọ̀ pé ẹ ò lè mọ bó ṣe rí. Ẹ̀yin ń kọrin lọ́hùn-ún.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù karùn-ún

Ọmọ mi,

Má gbé e mì mọ́. Kó agolo yẹn àti èyí tó ṣẹ́kù fún ìyá ọkọ rẹ, kí wọ́n tì í mọ́ inú àpótí. Ṣe ìyẹn ná, kó o tó padà wá ka ìyókù.

Mo pe fóònù ọkọ rẹ títí, obìnrin inú fóònù yẹn nìkan ló ń dá mi lóhùn. Mo wá gbọ́ pé ọmọbìnrin kan ń wọkọ̀ òfurufú bọ̀ wálé lọ́la. Ọmọ náà kéré sí ẹ, mo sì kúnlẹ̀ fún un pé kó gbé lẹ́tà yìí délé yín kó tó dé ilé tiẹ̀.

Yàrá tá a ti ń jẹun níbi iṣẹ́ ni mo ti ka lẹ́tà rẹ. Nígbà tí mo dé ibi gíláàsì, mo dìde lórí àga. Mo mọ gíláàsì yẹn, ọmọ mi. Mo ti dúró sẹ́yìn ẹ̀. Ibẹ̀ ni mo wà nígbà tí mo kọ lẹ́tà burúkú yẹn sí ẹ.

Jẹ́ kí n sọ èyí tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rọ wa ní irin róbótó gígùn méjì tó ń fa aṣọ wọlé. Ọ̀pá pupa kan wà níwájú rẹ̀, ọwọ́ ẹni ò gbọ́dọ̀ kọjá ibẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo wo ọ̀pá yẹn, mo ní, tí mo bá jẹ́ kó fa ọwọ́ mi lọ ńkọ́? Bí ìgbà tí èèyàn ń ro ohun tó máa rà lọ́jà. Kò bà mí lẹ́rù. Elégíláàsì ló ní, "Màmá, aṣọ ń jóná." Ni mo bá sún sẹ́yìn.

Mo ní àìrí yín ló fà á. Mo ní ọjọ́ orí ni. Ó máa ń dé, ó máa ń lọ, tó bá sì ti lọ, ojú á tì mí débi pé màá jókòó, màá kọ lẹ́tà ẹlẹ́rìn-ín sí ẹ láti fi bò ó mọ́lẹ̀. Ìgbà tí mo fi kóró sílẹ̀ torí iṣẹ́, kò padà wá mọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo sì di ohun tó ń ṣe mí sínú agolo, mo fi ránṣẹ́ sí ọmọ mi.

Ìwọ ò tíì dàgbà tó mi. O ò sí lókè òkun. O ò dúró nídìí ẹ̀rọ kankan. Mo ro gbogbo ẹ̀ láàárín oúnjẹ títí tí mo fi gbé e tì. Nǹkan kan ṣoṣo tí ìwọ àti èmi jọ ní ni ohun tó wà nínú agolo yẹn.

Lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn ọlọ́mọ lọ́jọ́ tí lẹ́tà yìí bá tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Mú oògùn náà dání. Sọ pé ò ń fún ọmọ lọ́mú. Sọ ti bàsíà, sọ ti títì. Tí wọ́n bá jágbe mọ́ ẹ, jẹ́ kí wọ́n jágbe.

Kó o sì ka lẹ́tà yìí sétí ìyá ọkọ rẹ. Má fo ibi ọwọ́ mi. Sọ fún wọn pé mo bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n má tíì gbé ọmọ lọ. Kì í ṣe ìwọ lò ń ṣe é. Èmi ni mo fi í ránṣẹ́.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù karùn-ún

Ọmọ mi,

Ìwé kankan ò tíì ti ọ̀dọ̀ rẹ dé. Ọmọbìnrin yẹn ní òun fi lẹ́tà lé ọkùnrin kan lọ́wọ́, tó ń fá pákó lẹ́nu ọ̀nà yín. Ṣé ọkọ rẹ ti wálé ni? Ṣé ó fún ẹ? Àbí òun ló kà á, tó bínú? Gbogbo ìgbà tí ilẹ̀kùn yàrá ìfọṣọ bá ṣí ni mo máa ń rò pé lẹ́tà rẹ ti dé, bẹ́ẹ̀ aṣọ ìdọ̀tí ni wọ́n ń tì wọlé.

Mo lọ sí kíníìkì. Mo mú lẹ́tà rẹ dání, mi ò fi hàn wọ́n, mo kàn fẹ́ kó wà lọ́wọ́ mi. Nọ́ọ̀sì ń kọ nǹkan, kò tiẹ̀ gbójú sókè. "Màmá, kóró alẹ́ yẹn ńkọ́?"

Mo ní, "Mo fi ránṣẹ́ sí ọmọ mi."

Ó gbé bírò sílẹ̀. "Ẹ ṣe kí ni?"

Mo sọ gbogbo ẹ̀. Ó ní, "Pílásítà ńkọ́?" Mo ní mò ń lò ó. "Òun nìkan?" Òun nìkan. "Ẹ rí ẹ̀jẹ̀?" Mo ní díẹ̀díẹ̀, mo sì rẹ́rìn-ín. Kò bá mi rẹ́rìn-ín. Ó dìde lọ pe dókítà.

Ọmọ mi, wọ́n ní pílásítà yẹn máa ń jẹ́ kí inú ilé ọmọ máa nípọn, kóró ni kì í jẹ́ kó nípọn jù. Obìnrin tí ilé ọmọ rẹ̀ ṣì wà lára ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ lo ọ̀kan kó fi èkejì sílẹ̀, torí ó lè di jẹjẹrẹ. Mi ò mọ̀. Mo rò pé oorun nìkan ni iṣẹ́ ẹ̀. Wọ́n ti yẹ inú mi wò, wọ́n mú díẹ̀ níbẹ̀ lọ ṣe àyẹ̀wò, èsì ò tíì jáde. Wọ́n ní kí n bọ́ pílásítà ná. Ooru ti padà, òógùn ń ṣàn lára mi bí ara ògiri ilé ìwẹ̀.

Mo wá sọ ti gíláàsì fún wọn, mo sọ ti ọ̀pá pupa. Mo ń retí kí wọ́n wo ara wọn lójú. Nọ́ọ̀sì ní, "Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ látìgbà yìí, Màmá? Àwọn obìnrin kan wà tí ara wọn kì í gba projẹ́sítẹ́róònù." Orúkọ oògùn inú kóró yẹn nìyẹn, mo ní kó kọ ọ́ fún mi. Ó ní ó máa ń yí ọkàn wọn padà báyẹn, pé àwọn lè pààrọ̀ ẹ̀ sí irú míì, pé àwọn lè mú un gba ọ̀nà míì wọ ara. Tí èsì bá dáa, wọ́n á fi nǹkan tín-ín-rín kan sínú ilé ọmọ mi, á máa tú oògùn náà síbẹ̀ ní kékeré, ìwọ̀nba ló máa dé orí. Tí ara ò bá tún gba ìyẹn, kí n wá sọ.

Ohun tí mo ń gbé kiri bí ẹni gbé òkú sínú àpò, ó ní orúkọ, nọ́ọ̀sì sì ń sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò máa rọ̀.

Ó ní kí n sọ fún ẹ pé tó o bá ti dá kóró dúró, tí ọjọ́ mélòó kan kọjá, tí gíláàsì yẹn ò kúrò, kì í ṣe kóró nìkan nìyẹn. Ó ní ó máa ń ṣe àwọn ìyá ọlọ́mọ tí wọn ò lo nǹkan kan. Kó o padà lọ bá wọn, má dúró.

Kọ̀wé. Bó bá jẹ́ èébú lo fẹ́ kọ, kọ ọ́.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹfà

Ìyá mi,

Mo kúnlẹ̀, mo tún jókòó, torí ọmọ wà lẹ́sẹ̀ mi, ó ń fa ìwé yìí.

Ọkọ mi ló gba lẹ́tà yẹn. Ó ti wálé láti àná ọjọ́ náà, ó ń fá pákó tó fẹ́ fi tún ilẹ̀kùn ṣe títí ìyá rẹ̀ á fi múra tán. Ó fi lẹ́tà sínú àpò, ó ní òun á fún mi tí òun bá ṣe tán. Ẹ mọ bí àwọn káfíńtà ṣe rí. Báàgì ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ọmọ ti wà lẹ́yìn ìyá ọkọ mi, kó tó fọwọ́ kan àpò, tó ní, "Ìyá ẹ kọ̀wé."

Mo rí ìlà àkọ́kọ́, mo wọlé, mo gbé agolo wá, mo fi lé wọn lọ́wọ́. Mo wá kà á sókè. Ẹ mọ̀ pé mi ò yára kàwé, mò ń tẹ̀ ẹ́ ní kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo dé ibi ọwọ́ yín àti ọ̀pá pupa, ọkọ mi dá pákó fífá dúró. Ìyá rẹ̀ jókòó lé báàgì, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn.

"Tún ibẹ̀ kà."

Mo tún un kà.

"Ìyá ẹ ló kọ ìyẹn? Èyí tó fi aṣọ olétí ehoro ránṣẹ́?"

"Àwọn ni, Mà."

Wọ́n yí agolo lọ́wọ́, wọ́n ṣí i, wọ́n gbóòórùn ẹ̀. Wọ́n ní, "Mo rò pé o kórìíra ọmọ ni."

Mo ní, "Èmi náà rò bẹ́ẹ̀, Mà."

Ọkọ mi ní kí ló dé tí mi ò sọ fún òun. Mo ní fóònù wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ìyá rẹ̀ tú ọ̀já, wọ́n gbé ọmọ fún un, wọ́n ní kó gbé e tẹ̀ lé wa, gbogbo wa la máa lọ.

Nọ́ọ̀sì tibí jágbe lóòótọ́. Ó béèrè pé ta ló ni oògùn, ta ló kọ ọ́ fún mi, páálí ẹ̀ dà, débi pé gbogbo àwọn tó tò sẹ́yìn wa ń wò wá. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo sọ ti bàsíà, kò jágbe mọ́. Ó ti ilẹ̀kùn. Ó wo ọmọ dáadáa, ó ní nǹkan kan ò ṣe é. Ó ní ẹni tó gbé ọmọ jáde nínú omi ni mí, kì í ṣe ẹni tó yọwọ́. Mi ò ronú ẹ̀ báyẹn rí. Ó ní kí n máa wá lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, mo sì ń lọ.

Gíláàsì yẹn ti fẹ́lẹ́. Mi ò ní parọ́ fún yín, ó ṣì wà láwọn àárọ̀ kan. Ṣùgbọ́n tí ọmọ bá rẹ́rìn-ín báyìí, ó ń dé ọ̀dọ̀ mi.

Ìyá mi, mo bínú sí yín. Kì í ṣe tìtorí agolo. Ẹ fẹ́ kí n sùn lẹ ṣe fi ránṣẹ́. Lẹ́tà ẹlẹ́rìn-ín ló dùn mí. Ká ní ẹ ti kọ ti ẹ̀rọ yẹn sí mi nígbà tó ṣẹlẹ̀ ni, ìgbà tó dé ọ̀dọ̀ mi màá ti mọ̀ ọ́n lójú. Mo rò pé èmi nìkan ni mo bàjẹ́ nínú gbogbo ayé, bẹ́ẹ̀ ìyá mi ti dúró síbẹ̀ ṣáájú mi, ó ń kọ̀wé nípa rédíò. Lọ́jọ́ tí nǹkan oṣù tèmi náà bá dúró, tí wọ́n bá fẹ́ fún mi ní kóró yẹn, màá sọ fún wọn kí wọ́n tó ṣí páálí pé mo ti tọ́ ọ wò.

Èmi ni mo wẹ̀ ẹ́ lánàá. Ìyá ọkọ mi gbé àpótí sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n jókòó. Wọ́n ní àwọn ò wò mí o, àwọn ń gbatẹ́gùn ni. Atẹ́gùn kan ò sì fẹ́ lọ́sàn-án yẹn. Mo gbé e sínú omi, mo di orí rẹ̀ mú. Èrò yẹn wá, ó dúró díẹ̀, ó kọjá bí ẹni tó ṣi ilé kàn. Ọ̀gá Kékeré fi omi lù mí lójú. Mo ní, "Ẹ bá mi mú aṣọ ìnura wá, Mà, a ti ṣe tán."

Èsì àyẹ̀wò yín tó bá jáde, ẹ kọ ọ́ sí mi bó ṣe jẹ́ gan-an. Tó bá dáa, ẹ kọ ọ́. Tí kò bá dáa, ẹ kọ ìyẹn náà. Ẹ má fi ẹ̀rín bò ó fún mi.

Ọmọ yín,
ìyá Ọ̀gá Kékeré.